Piriáńpù Tó Ń Kùn

Inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ni iná ti gbé ẹ̀gbọ́n onígìtá kan pa, pẹ̀lú gìtá lọ́wọ́ àti ètè lára makirofóònù. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà ló ń ta ẹ̀rọ orin báyìí, kò sì dá onígìtá tó wá rajà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀. Ẹni tó ṣu ti gbàgbé. Ẹni tó kó o ò gbàgbé.

"Bàbá, piriáńpù tó mọ gbogbo iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi gba orin sílẹ̀. Kó tutù bí omi, kó sì lè bú bí ẹkùn."

"Èyí tí mo dè mọ́ férémù irin yìí ni. Ohùn wo ni kò ní?"

Onígìtá so gìtá àti makirofóònù mọ́ piriáńpù náà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ga, ó sì dán an wò. Ó dùn lóòótọ́, àmọ́ ó ń kùn lábẹ́lẹ̀ bí eṣinṣin inú ìgò.

"Ẹ yá mi ní pláyà tí ẹ fi ń gé wáyà."

Ó pa iná, ó gé wáyà ilẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí iná tó ṣìnà gba ara èèyàn kọjá. Ó tan iná padà. Kíkùn náà ti dákẹ́.

Ó nawọ́ sí gìtá tó wà nílẹ̀. "Ẹ gbé e, bàbá. Ẹ kọrin sí makirofóònù."

"Mi ò mọ orin kọ."

"Ẹ ṣáà fẹnu kàn án. Ṣé ikú wà níbẹ̀ ni?"

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀ títí, ó wá rọra jókòó.

"Àbúrò ẹni tí iná gbé ni ọ́," ló wí. "Èmi ni mo gé wáyà ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí kíkùn lè dákẹ́. Mo mọ̀ pé ó lè pa á, mo sì gé e."