Orúnkún Tí Kò Mọ "A Dúpẹ́"

Ẹ wá gbọ́ o. Orúnkún tuntun tí wọ́n fi sí mi lẹ́sẹ̀ yìí, àràárọ̀ ló máa ń bi mí pé, "Bàbá Àdùfẹ́, ẹ káàárọ̀. Nínú mẹ́wàá, mélòó ni ìrora yín?"

Èmi náà á dáhùn bí ọmọlúàbí: "A dúpẹ́ o." Ni kò bá ní tú oògùn sílẹ̀! Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jẹ̀rora. Ẹ̀rù wá ń bà mí pé bóyá ni màá lè dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Òjélàdé, tó ń bọ̀ ní Sátidé.

Àdùfẹ́ ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí. "Bàbá, orúnkún kì í ṣe àlejò! Ẹ sọ òótọ́ fún un."

Mo bá pariwo, "Mẹ́sàn-án ni!" Kíá, oògùn dé, ibẹ̀ tutù bí omi àmù.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Inú wọn dùn. Mo ní, "Orúnkún tiyín náà ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá?"

"A dúpẹ́, àbúrò mi."

Àṣé irú tiwọn kì í dúró de ìdáhùn. Ó ké lábẹ́ ṣòkòtò: "Irọ́ ni o! Mẹ́jọ ni!"

Ẹ̀gbọ́n mi gbá orúnkún náà pàá. "Ta ló bi ọ́?"

"Ó ti di mẹ́sàn-án báyìí!"