Àdán àti Èkúté Nínú Àká Ìyá Àṣàbí

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sí àká Ìyá Àṣàbí. Èkúté ń jí àgbàdo jẹ níbẹ̀. Àdán ń sùn jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀. Ológìnní tó ń ṣọ́ àká wá gbá àwọn méjèèjì mú.

"Etí yín jọra, eyín yín jọra. Èwo lolè? Ẹ jẹ́ n kúkú pa yín pọ̀!"

Àyà Àdán já, ó forin bẹ̀bẹ̀:

Ológìnní, ẹ gbà mí o,
*Tere nà!*
N kì í jẹ àgbàdo,
*Tere nà!*

Orin náà dùn débi pé Ológìnní fúnra rẹ̀ gbè é. Èkúté nìkan ló pa ẹnu dé.

Ológìnní kọjú sí i: "Ta ní í gbọ́ orin tí kì í gbè é? Ó yá, gbè é!"

Èkúté la ẹnu, ọmọ àgbàdo dà sílẹ̀ wàràwàrà. Ológìnní kì Èkúté mọ́lẹ̀, ó jọ̀wọ́ Àdán.

Àdán mí kanlẹ̀, ó fò jáde. Títí dòní, bó bá ń fò, orin ló ń kọ, kí ayé lè mọ̀ pé ẹnu òun ṣófo.