Ọkùnrin Tí Kì Í Pẹ́

Wọ́n ní àsìkò kì í dúró de ẹnì kankan, àmọ́ ó máa ń dúró de Adéolú. Ohun tó fi ń yangàn ní gbogbo Bárúwà nìyẹn. Bó ti wù kó fẹsẹ̀ falẹ̀ tó nílé, tó bá fi máa dé òde, àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Kódà lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun àti Ìyábọ̀dé, ó sùn gbàgbé. Oòrùn ti mú kó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ àlùfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ aṣọ ìsìn ni.

Ní ti ká pẹ́ dé òde, àwọn ẹbí rẹ̀ ló burú. Nítorí náà, nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ fún Ṣeun ọmọ rẹ̀ ní Gowon Estate, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Bàbá ìyàwó, Ọ̀gbẹ́ni Ebenezer, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ti ránṣẹ́ pé tí àsìkò bá ti kọjá, òun á ti géètì pa, kí kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹni tó ti na ọmọ ọlọ́mọ lẹ́gba fún ọgbọ̀n ọdún kì í fi irú ìyẹn ṣàwàdà.

Tábúlẹ́tì tí Ṣeun rà fún ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi ń bójú tó gbogbo òde. Ọwọ́ Ìyábọ̀dé ló máa ń wà, torí Adéolú ní lẹ́tà inú rẹ̀ kéré jù fún ojú òun.

"Aago mélòó ni wọ́n pè wá?"

Ìyábọ̀dé fi ìka fa kàlẹ́ńdà wálẹ̀. "Aago méjìlá ọ̀sán, Bàbá Ṣeun."

"Ó dáa. Gbọ́ ọgbọ́n tí mo dá. Má fi àsìkò kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn ẹbí mi. Zacchaeus máa ń fi wákàtí kan pẹ́, fi wákàtí kan ṣíwájú tiẹ̀. Ti Àǹtí Cecilia kọjá bẹ́ẹ̀, jẹ́ kó rò pé aago mẹ́sàn-án ni."

Ìyábọ̀dé rẹ́rìn-ín. "Orí yín pé o. Ṣé wọn ò wá ní fura?"

"Kí ni wọ́n máa fi fura? Apẹ́lẹ́yìn kì í mọ̀ pé òun ń pẹ́. Tí wọ́n bá dé tí a ò tíì bẹ̀rẹ̀, ọpẹ́ ni wọ́n á máa dá jàre."

"Òótọ́ ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Kò béèrè bí wọ́n ṣe ń yí àsìkò ẹnì kọ̀ọ̀kan padà. Ìka rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ náà, Ìyábọ̀dé ti múra tán láàárọ̀, ó jókòó sí pálọ̀ jẹ́ẹ́. Adéolú jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, ó bá aládùúgbò jiyàn bọ́ọ̀lù, ó tún aṣọ lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó fi máa rí fìlà rẹ̀, aago méjìlá ti kọjá.

"Kí ló dé tí o ò pè mí?"

"Ẹ kì í pẹ́ kẹ̀."

Ó wakọ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ó ń rí Ṣeun lọ́kàn rẹ̀ níwájú géètì tí wọ́n tì, ó ń rí Àǹtí Cecilia, Àǹtí Cecilia fúnra rẹ̀, tó ń pòṣé pé Adéolú pẹ́. Aago kan ku díẹ̀ kó tó débẹ̀. Géètì ṣí sílẹ̀. Àwọn ẹbí pé sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún gèlè àti fìlà ṣe. Adéolú ò kí ẹnì kankan. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ebenezer.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀bi mi ni. Ẹ má tìtorí mi lé ọmọ mi."

"Ẹ̀bi kí ni?" Ebenezer fà á dìde, ó sì wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Aago kan la pè yín, àna mi, kò sì tíì lù. Irú ẹbí tí mo ń wá nìyí!"

Adéolú yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ìyábọ̀dé ń wo igi máńgòrò inú ọgbà.

"Ìyá Ṣeun," ó rọra wí, "ọjọ́ ìgbéyàwó wa ńkọ́?"

"Aago mọ́kànlá ni wọ́n fi ìsìn yẹn sí," ni Ìyábọ̀dé dá a lóhùn, ó sì gbé tábúlẹ́tì fún un pé kó bá òun mú un dání, "mẹ́sàn-án ni mo ní kí wọ́n kọ sínú ìwé ìpè tiyín."