Pátákó Apá Ọ̀tún

Oṣù keje rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Mọ́ṣúdù dùbúlẹ̀ nígbà tí páálí kan dé láti Lọ́ńdọ̀nù sí ilé rẹ̀ ní Òwu, l'Ábẹ́òkúta. Ọdún 1983 ni. Ọlálẹ́yẹ, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ló fi í rán ẹnìkan sí wọn. Géèmù ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ojúọlá, ìyàwó Mọ́ṣúdù, gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògbólógbòó géèmù tí wọ́n ti ní láti ọdún 1978. Géèmù kan náà ni méjèèjì: pátákó kékeré kan lápá òsì, òmíràn lápá ọ̀tún, bọ́ọ̀lù kan tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn. Wọ́n ní wọ́n ti fi àwọ̀ sí tuntun yìí, ṣùgbọ́n dúdú àti funfun ni tẹlifíṣọ̀n wọn, àwọ̀ kankan ò hàn. Ohùn rẹ̀ ló yàtọ̀, àti bọ́tìnnì kékeré kan lẹ́yìn àpótí rẹ̀, èyí tí ti àtijọ́ kò ní. Kókó tí wọ́n fi ń darí pátákó náà sì rọ̀. Ti àtijọ́ le bí ìdérí ìgò tó ti dógùn-ún. Tuntun yìí, ìka kan tó láti yí i.

Kókó tó rọ̀ yìí ni Ojúọlá rọ̀ mọ́, bí ẹni tí odò ń gbé lọ ṣe ń rọ̀ mọ́ koríko.

Dókítà ti sọ pé Mọ́ṣúdù ò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀, kì í mi orí. Ojúọlá ò gbà. Láràárọ̀, wákàtí kan gbáko ló fi ń fún un ní ẹ̀kọ ní ṣíbí-ṣíbí, tí yóò sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń retí èsì. Ní oṣù kẹrin àìsàn náà, ó ti fi kókó géèmù àtijọ́ sí i lọ́wọ́. Pátákó ò mira. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà, àwọn ará ilé kejì gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí tuntun dé, ó fi ìrọ̀rí gbé ọkọ rẹ̀ ró, ó ki kókó apá ọ̀tún bọ̀ ọ́ láàárín ìka méjì, ó di ti apá òsì mú fúnra rẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

"Tíṣà, ó yá," ló wí fún ọkọ rẹ̀; orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ló fi máa ń pè é.

Bọ́ọ̀lù kọjá lára Mọ́ṣúdù lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹrin, pátákó apá ọ̀tún gbọ̀n, ó sún sókè díẹ̀. Bọ́ọ̀lù bà á, ó padà. Ojúọlá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Bọ́ọ̀lù náà lọ, ó tún bọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Jùbrílù, ẹ̀gbọ́n Mọ́ṣúdù, dé láti Wásinmi.

"Ìyàwó," ó ní, "mo ti ní kí wọ́n gbá yàrá ẹ̀yìn. Jẹ́ kó wá sùn sílé bàbá wa, kó lè lọ ní ìrọ̀rùn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó ná. Ẹ wá wò ó."

Jùbrílù jókòó, ó wò ó títí. Nínú bọ́ọ̀lù márùn-ún, Mọ́ṣúdù ń dá ẹyọ kan padà. Ojúọlá ò pàdánù ìkankan, òun tí kì í lè dá mẹ́ta padà léraléra nígbà tí ara ọkọ rẹ̀ le.

"O ò ṣe jẹ́ kí ọ̀kan kọjá nítorí rẹ̀?" Jùbrílù bi í.

"Mi ò mọ bí mo ṣe ń gbá a, ẹ̀gbọ́n. Òun nìkan ni mò ń wò."

Jùbrílù ṣí fìlà, ó fi nu ojú. Ó ní bó bá jẹ́ báyìí ni, kò sí Wásinmi mọ́. Ìbàdàn ni àwọn yóò gbé e lọ, sọ́dọ̀ àwọn dókítà ńlá. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kó dá òun lójú. Ó ní kí wọ́n pe Olújìmí, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ṣàpọ́n.

Olújìmí yọ ìwé kan nísàlẹ̀ páálí, ó kà á. Ó yí àpótí náà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú," ó ní. "Ti àtijọ́, ènìyàn méjì ni dandan. Èyí, bí bọ́tìnnì ẹ̀yìn yìí bá wà lórí kan dípò méjì, ènìyàn kan ló ń gbá a. Ẹ̀rọ ló ń gbá fún ẹnì kejì."

"Orí èwo ló wà?" Jùbrílù bèèrè.

"Orí kan ni, sà."

Gbogbo wọn wo Mọ́ṣúdù. Ojúọlá ní kí Olújìmí tún ìwé náà kà. Ó tún un kà. Ojúọlá wólẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Jùbrílù mú.

"Dìde, ìyàwó," Jùbrílù wí. "O ti sa ipá rẹ."

Mọ́tò dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí wọ́n ti ń gbé Mọ́ṣúdù jáde, ìka rẹ̀ méjì ń yí etí aṣọ tí wọ́n fi bò ó. Jùbrílù ní iṣan ló ń fà á, ó sì ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ aṣọ. Ó ní kí Ojúọlá kó ẹrù, kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀.

Iná tó ti lọ látàná dé lọ́sàn-án. Ojúọlá nìkan ló wà nílé, ó ń ká ẹní ọkọ rẹ̀, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò rántí pa tàn, tí géèmù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kókó méjèèjì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò kàn wọ́n. Ó gbójú sókè láti lọ pa á.

Pátákó apá ọ̀tún, ti Mọ́ṣúdù, dúró gbagidi, bọ́ọ̀lù ń kọjá lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti apá òsì, tí í ṣe ti Ojúọlá, ni ó ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀.