Ẹyẹ Àlejò Lórí Òrùlé Bàbá Akínyọoyè

Ọmọdé pàápàá mọ òfin náà: ibi tí ẹyẹ àlejò tó ṣọ̀wọ́n bá bà sí, gbohùngbohùn tàbí ẹ̀rọ aláriwo kankan kò gbọdọ̀ dún níbẹ̀ títí yóò fi lọ. Ìdí nìyẹn tí Mojírádé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ẹyẹ wò, fi gun àkàsọ̀ nínú ọyẹ́ nílé Bàbá Akínyọoyè, tí alágbo jẹ́díjẹ́dí ń fi gbohùngbohùn pariwo níwájú ilé náà.

"Màdáàmù, ẹ wò ó dáadáa," ni bàbá wí. "Funfun wà lókè ojú rẹ̀, àyà rẹ̀ sì pọ́n bí iná."

Gbogbo àmì pé bíi ti inú ìwé. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

"Bàbá, ìlú wọn lọ́hùn-ún ni ẹyẹ yìí ti ń wọ pupa, nígbà tó bá ń wá ìyàwó. Tó bá dé ọ̀dọ̀ wa lọ́yẹ́, àwọ̀ eérú ló ń wọ̀. Ta ló fi osùn kun ẹyẹlé yín?"

Bàbá sorí kọ́. "Ọmọ mi, láti ìgbà tí alágbo yìí ti dé, mi ò mọ oorun ọ̀sán mọ́."

Mojírádé kọ "àlejò ni" sínú ìwé, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ fi eérú kùn ún kí ọ̀gá mi tó dé lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá èmi náà ní ẹyẹlé kan. Ẹ̀rọ ìlọta ń bẹ lẹ́yìn fèrèsé mi."