Àwẹ̀ró Lójú Kọ̀ǹpútà

Ògbólógbòó ni kọ̀ǹpútà méjèèjì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ilé ìwé gba ìsinmi, Fọláṣayọ̀ akọ̀wé fi wáyà so wọ́n pọ̀, kí èyí tó ń kú lọ lè kó fáìlì àti ètò rẹ̀ fún èyí tó ṣì ń mí. Orúkọ àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan yọjú tí kì í ṣe ti ọmọ ilé ìwé: Àwẹ̀ró.

Oríkì Fọláṣayọ̀ fúnra rẹ̀ ni. Ìyá ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà náà sì ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó fa wáyà, wáyà kò yọ.

"Àwẹ̀ró!" Ohùn jẹ́jẹ́ kan pè é láti inú ẹ̀rọ àtijọ́ náà.

Ìyá àgbà ti kìlọ̀ fún un títí pé ẹni tí kò bá rí, kó má jẹ́ ìpè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu yá ju ìrántí lọ.

"Mà!"

Lójú ẹ̀rọ kejì, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: Ó ti kó tán.

Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀. Ó wá gbọ́ Bàbá Súlè, ọlọ́dẹ wọn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Áà, akọ̀wé, ẹ ti ń lọ nìyẹn? Mo rò pé ẹ ṣì wà nínú."

"Mo ti parí, Bàbá." Ohùn Fọláṣayọ̀ gan-an ló dáhùn láti ìta, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́. Ẹ tì í pa, ó di ọjọ́ ìwọlé."

Fọláṣayọ̀ lanu láti kígbe. Kò sí ohùn kankan lọ́fun rẹ̀ mọ́. Kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́ẹ̀mejì.