Àgò Ẹyẹ Tí Bàbá Wiryo Ò Fẹ́ Tà

Bàbá Wiryo tún ti gbé àgò ẹyẹ kan náà sórí ìkànnì gbàǹjo.

Ó di ìgbà ogójì láàárọ̀ yìí.

Gbogbo ẹni tó ń wá àgò ẹyẹ ní ìlú Klaten, tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Olójúkòkòrò!" Ẹnìkan kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀. "Ṣé bàbá ẹ ló ni ìkànnì yìí ni?"

Yatmi, aládùúgbò tó gbé àwo tempe, ẹ̀wà sóyà díndín, wá fún un, ń wo fóònù náà, ó ń mi orí.

"Bàbá, ẹnìkan fẹ́ rà á lánàá. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ̀?"

"Mi ò fẹ́ tà á."

"Háà! Kí lẹ wá ń pàtẹ ẹ̀ fún? Wọ́n máa lé yín kúrò níbẹ̀ o!"

Fóònù ni Bàbá ń wò.

Fóònù dún. Ìkìlọ̀ ojoojúmọ́ ti dé látọ̀dọ̀ àwọn tó ni ìkànnì: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé pàtẹ ọjà kan náà léraléra."

Kíá, Bàbá wo orúkọ ẹni tó kọ ọ́ nísàlẹ̀.

Ojú ẹ̀ fàro.

"Kì í ṣe òun ló kọ tòní."

"Òun wo?"

"Sekarwati ọmọ mi. Ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Látọjọ́ tá a ti sin ìyá ẹ̀, kò gbé ìpè mi mọ́. Ìkìlọ̀ yìí nìkan ló ń kọ sí mi."

Yatmi gbé àwo kalẹ̀.

Ó gba fóònù lọ́wọ́ Bàbá, ó sì tún bá a gbé àgò náà sórí ìkànnì.